Ọdún méjì tí mo fi ń sá fún dókítà nítorí kinní

Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ojúlówó yàtọ̀ sí fèèkì. Ọdún 27 rèé tí mo ti ń ta páàtì mọ́tò ní Arárọ̀mí ní Gáàtì níbí, tẹ́ ẹ bá gbé ṣọ́kì lé mi lọ́wọ́ báyìí, kí n tó já ọ̀rá ẹ̀ ni màá ti sọ fún yín bóyá tòkunbọ̀ ni àbí èyí tí wọ́n kàn fi ọ̀dà kùn. Ẹ wá gbọ́ o, èmi yìí náà ni mo ra tábílẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń kiri nínú bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road, mi ò wo ẹ̀yìn páálí, mi ò bèèrè déètì, mo fi píọ̀ wọ́tà gbé e mì, torí pé ojú ń tì mí láti wọ kẹ́mísìtì tí wọ́n ti mọ̀ mí.

Mo ti pé 53. Kinní mi ò dìde mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká kúrò níbẹ̀, torí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo nǹkan yìí mọ́lẹ̀, "ara mi ò yá", "ó ti rẹ̀ mí", "ẹ̀yìn ló ń dùn mí", mo ti lò wọ́n tán pátá.

Kò kúkú bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Á dìde, tó bá wá ku díẹ̀ báyìí á tún rọ̀, bíi táyà tí ìṣó kékeré wọ̀, tẹ́ ò ní mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ fi ń jáde. Mo ní ooru ni, torí iná ò sí. Nígbà tí iná dé, mo ní owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì ló ń dà mí lọ́kàn rú. Nígbà tí mo san owó ilé ẹ̀kọ́ tán, mi ò rí ohun tí mo lè dárúkọ mọ́, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bi mí pé kí ni mò ń ṣe ní Gáàtì láago mẹ́sàn-án alẹ́ nígbà tí oníbàárà ò sí mọ́, mò ń to páálí plọ́ọ̀gì ni, mo tò ó tán mo tún tú u. Kí Ìyá Ìbejì ti sùn kí n tó dé Àkóbọ̀, ìyẹn ni mò ń wá.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe àwọn ọkùnrin Ìbàdàn, kó wá dúró sídìí ìyá alágbo láago méje àárọ̀. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ kinní níbẹ̀ o. "Ìyá, ẹ bu jẹ̀dí fún mi." "Ìyá, ẹ fi ti ọ̀pá ẹ̀yìn sí i." "Ẹ fi ale díẹ̀ lé e lórí." Gbogbo wa la gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ba nǹkan jẹ́ fún ọkùnrin, pé ohun dídùn tó bá ti pọ̀ jù á lọ jókòó sí ìdí, láti ibẹ̀ á wá wọ iwájú. Mo mu ún fún oṣù mẹ́rin, ife méjì láràárọ̀, ògógóró ni wọ́n sì fi rẹ ẹ́, àyà mi á gbóná, inú mi á dùn títí di aago mẹ́wàá, tó bá di alẹ́, ibi tí a wà náà la ṣì wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni búrántashí. Tẹ́ ẹ bá mọ Sábó ní Mọ́kọ́lá, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe sùyà nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Èèpo igi ni, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ lè ní kí mọ́là bù ú mọ́ yájì fún yín, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Igi yẹn náà làwọn òyìnbó ń pè ní yohimbe, igbó apá ọ̀dọ̀ wa títí lọ dé Kamẹrúùnù àti Gabon ló ti ń hù, ohun tó wà nínú èèpo ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yohimbine sì máa ń mú kí àyà sáré, a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo kàn mọ̀ pé mo jẹ sùyà 2,000 náírà lálẹ́ Sátidé kan, àyà mi ń lù gbì gbì gbì bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán nílé òkè, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì títí dìdájí, Ìyá Ìbejì sì rò pé mò ń retí ìpè ẹnì kan lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ìpè yẹn ṣì ń bọ̀.

Tábílẹ́ẹ̀tì inú bọ́ọ̀sì wá ńkọ́? Ó ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló tiẹ̀ burú níbẹ̀. Mo ti jẹ àmàlà àti àbúlà tán pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá kí n tó lò ó, wákàtí kan kọjá, mi ò rí nǹkan kan, mo ní ọmọ yẹn ti lù mí ní jìbìtì, mo tún gbé ìkejì mì. Ìgbà tó máa fi di aago kan òru, ojú mi gbóná, imú mi dí, gílóòbù ilé ń fi àwọ̀ búlúù hàn mí, orí mi ń fọ́ bí ẹni pé wọ́n ń fi àmà lù ú. Kinní dìde lóòótọ́ o, àmọ́ orí ni mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

Èyí tí mo wá ṣe tó jẹ́ ìwà òmùgọ̀ jù lọ rèé. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí wọ́n ti kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta táyà lọ́ọ̀ọ́kán wa sọ fún mi pé oògùn yẹn ló ń pa kinní, pé òun mọ èèyàn mẹ́ta, bí mo ṣe jáwọ́ nínú ẹ̀ nìyẹn, fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí kì í kúkú ṣe irọ́ pátá. Lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan wà, bí èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ àti àwọn kan tó ń mú kí ọkàn rọra lù, tí wọ́n lè dá kún un. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra ẹ̀ ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ju oògùn lọ, dókítà lè pààrọ̀ oògùn, ta ló máa pààrọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ fún èèyàn?

Òyì ló kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan tí mo fi dé ilé ìwòsàn. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ pé "dókítà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀", ó ní kí n sọ ohun tó ń ṣe mí, mo rọra sọ ọ́ sí i létí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó kan mi ó yọjú síta, ó pariwo láàárín èrò: "Bàbá tí nǹkan wọn ò ṣiṣẹ́ dà?" Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin mẹ́fà la jókòó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde. Èmi náà ò dìde. Mo ṣe bí ẹni tó ń gba ìpè, mo bọ́ síta, mo gun ọ̀kadà. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni dókítà kan níbòmíì, ọ̀dọ́mọdé, wọn ò tíì lè pé 35, kọ ìwé fún mi lọ sí ilé ìwòsàn UCH, tí ẹ̀rù sì ń bà mí torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá mi, ohun tí mo mọ UCH mọ́ ni ìdúró gígùn àti òórùn Ìsáàlì.

Ohun tí dókítà ibẹ̀ kọ́kọ́ bi mí yà mí lẹ́nu. "Bàbá, ṣé ó máa ń dìde fúnra ẹ̀ láàárọ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá jí?" Mo ní ó pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀. "Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló ṣẹlẹ̀ àbí díẹ̀díẹ̀?" Mo ní díẹ̀díẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé ó ń dìde láàárọ̀ tàbí nígbà tí mo bá dá wà, tí kì í dìde lọ́dọ̀ ìyàwó, òun á kọ́kọ́ wo ọkàn: ìrònú, ìjà, ìbẹ̀rù. Àmọ́ èyí tó bá rọra ń kú lọ láàárọ̀ lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni kéèyàn wò. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi: 170 lórí 104. Ṣúgà kí n tó jẹun: 151, bẹ́ẹ̀ 126 ni wọ́n ti ń pè é ní àìsàn. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ kùtù fún testosterone, èròjà ara tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, torí àárọ̀ ló máa ń ga jù, tèmi ò fi bẹ́ẹ̀ burú. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà mi láti wo ọkàn. Mo ní kí ló kan ọkàn mi nínú èyí?

Dókítà gbé bírò, ó yàwòrán sẹ́yìn ìwé. Òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú kinní, ó ní kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ ní fífẹ̀. Ti ọkàn tó mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń dí òpó pa, èwo ló máa kọ́kọ́ dí? Mo mọ ìdáhùn, iṣẹ́ mi ni, ọ̀nà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìdọ̀tí máa ń há sí kó tó dé ọ̀nà ńlá. Ó ní ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí kinní bẹ̀rẹ̀ wàhálà ni ọkàn wá ń dùn ún. "Kinní yín ló kọ́kọ́ mọ̀, Bàbá." Mo bá a sọ̀rọ̀ jẹ̀díjẹ̀dí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn bàbá wa sún mọ́ ọn, pé ṣúgà lọ́wọ́ nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò gba ìdí, inú ẹ̀jẹ̀ ló gbà.

Ó wá kó gbogbo ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún mi, ó ní kí n lọ rò ó, kí n sì mú ìyàwó mi dání tí n bá ń bọ̀. Ẹ wo ìjàngbọ̀n.

Mo sọ fún Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé á bú sẹ́kún ni. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé nǹkan tó ń ṣe yín nìyẹn? Èmi ti rò pé ẹ ti rí ọmọdé kan níta ni, mo ti ń wo fóònù yín láti oṣù kẹta." Ó ní alẹ́ sùyà yẹn òun ò sùn, òun ń retí kí ìpè wọlé kóun lè mọ orúkọ ẹ̀. Ọdún méjì! Èmi ń to plọ́ọ̀gì ní Gáàtì nítorí ìtìjú, òun ń ka mẹ́séèjì mi nílé nítorí owú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ ti ìyàwó ẹ̀ náà á bá a dákẹ́ ni. Òun náà wá sọ tiẹ̀, pé láti ìgbà tí nǹkan oṣù òun ti ń dá, ibẹ̀ máa ń gbẹ, ó máa ń dun òun, òun ò sì mọ bóun ṣe máa sọ ọ́, pé nígbà míì tí mo bá sùn lọ, ọpẹ́ lòun ń dá. A rẹ́rìn-ín títí.

Bí a ṣe wá ń wọn ọ̀nà yẹn wò lójú tábìlì oúnjẹ nìyí.

Iṣẹ́ abẹ la kọ́kọ́ gbé kúrò, bẹ́ẹ̀ òun ni mo lóye jù nínú gbogbo ẹ̀, torí bíréèkì mọ́tò ló jọ: ike olómi á wà nínú ikùn, pọ́ǹpù kékeré á wà nínú àpò ẹpọ̀n, rọ́bà gígùn méjì á wà nínú kinní, tẹ́ ẹ bá tẹ pọ́ǹpù, omi á sáré wọ rọ́bà, ó ti le nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ dá omi padà. Láti 1973 ni wọ́n ti ń fi sí èèyàn lára. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ṣe é, ti àdáyébá ti lọ nìyẹn, kò sí pé ẹ fẹ́ padà, ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ò sì tíì rọlẹ̀, egbò ẹ̀ lè kó kòkòrò. Ẹni tí gbogbo nǹkan yòókù ti kọ̀ fún ló wà fún. Ìyá Ìbejì ní tí wọ́n bá fi pọ́ǹpù síbẹ̀ òun á máa pè mí ní vulcanizer.

Abẹ́rẹ́ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ kinní fúnra ẹ̀ lèèyàn á ti gún un, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ó ti dìde, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹni tí tábílẹ́ẹ̀tì ò ràn lọ́wọ́. Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Giles Brindley, ní 1983 ní Las Vegas, ó ti gún ara ẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kó tó wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀, ìgbà tó sọ̀rọ̀ débì kan ó bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo fi ìgboyà yẹn sílẹ̀ fún un. Èmi tí mo máa ń dijú tí wọ́n bá fẹ́ gún mi lápá, àfi kí Ìyá Ìbejì máa gún un fún mi, ó sì ní òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ike tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ wà náà, wọ́n á ki kinní bọ̀ ọ́, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kí ẹ̀jẹ̀ lè wọlé, wọ́n á wá fi rọ́bà kan so ìdí ẹ̀ tí kò gbọ́dọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kò ní oògùn nínú, ó sì dáa fún ẹni tí ò lè gbé tábílẹ́ẹ̀tì mì nítorí ọkàn. A ò fẹ́ ẹ, ó ti jù, ariwo ẹ̀ á jí àwọn ọmọ.

Testosterone, tèmi ò lọ sílẹ̀, kò kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí ṣá, torí àwọn ọ̀dọ́ ń gún un ní jíìmù káàkiri báyìí: abẹ́rẹ́ yẹn máa ń dá àtọ̀ dúró kó má lọ́mọ nínú mọ́. Ẹni tó ṣì ń wá ọmọ, kó sá fún un.

Ó wá ku tábílẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Sildenafil, ìyẹn èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Viagra, oògùn àyà dídùn ni Pfizer ń wá nílùú Sandwich ní England tí wọ́n fi rí i, àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi dán an wò ló wá ń sọ ohun míì tí wọ́n rí. Oṣù kẹta 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Kì í fi tipátipá gbé kinní dìde o, ọkàn èèyàn ní láti fẹ́ ẹ, oògùn á kàn jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ ṣí kó má tètè tì. Èèyàn á lò ó ní bíi wákàtí kan ṣáájú, agbára ẹ̀ ò ju bíi wákàtí mẹ́rin lọ, oúnjẹ ọlọ́ràá sì máa ń dá a dúró, mo bá rántí àmàlà mi. Tadalafil ní tiẹ̀ lè wà lára tó wákàtí 36, oúnjẹ ò sì dí i lọ́wọ́. Èèyàn tún lè máa lo 5 míligíráàmù ẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń ran pròsítéètì lọ́wọ́ fún àwọn tó ń dìde tọ̀ lóru.

Èmi fẹ́ sildenafil, torí ó dínwó, owó ló sì ń jẹ mí lẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ló kọ̀. Ó ní, "Kí n wá máa wo aago? Kẹ́ ẹ ní ó ku wákàtí kan, kí n lọ yí ẹ̀wà padà? Èmi ò fẹ́ o." Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ti ojoojúmọ́ wá ń wù mí torí mo máa ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóru, àmọ́ dókítà ní kí n ní sùúrù, pé ṣúgà náà ń mú èèyàn tọ̀, ká kọ́kọ́ mú ṣúgà wálẹ̀ ká wò ó ná kí n tó máa náwó lójoojúmọ́.

Ó wá rí bó ṣe wí. Wọ́n pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sí losartan, wọ́n fi metformin, oògùn ṣúgà, kún un, mo fi alágbo sílẹ̀, mo ń rìn láàárọ̀ láti ilé dé ìta títì kí n tó wọ mọ́tò, bíà di ìgò kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìtọ̀ òru di ẹ̀ẹ̀kan, àárọ̀ ọjọ́ kan sì wà tí mo jí tí mo tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. A wá mú tadalafil 10 míligíráàmù, lọ́jọ́ Fúráìdeè. Ilé oògùn gidi ni mo ti ń rà á báyìí, mo máa ń wo nọ́ńbà NAFDAC, déètì, àti bí wọ́n ṣe tẹ páálí, bí mo ṣe ń wo páálí bẹ́líìtì. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀yìn máa ń ro mí díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, imú máa ń dí. Ìyá Ìbejì ra jẹ́lì tiẹ̀, inú dúrọ́ọ̀ kan náà ni méjèèjì wà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n onítáyà wá bá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun rí i pé ojú mi ń dán. Ó na nǹkan kan sí mi, tábílẹ́ẹ̀tì búlúù mẹ́rin nínú ọ̀rá, ó ní ọmọ kan ló tà á fóun ní gáréèjì, ṣé irú èyí tí mò ń lò nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo lẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀?" Ó ní kò ju ti àyà lọ, èyí tí wọ́n ní kóun máa fi sábẹ́ ahọ́n tó bá ti ń há òun láyà. Ara mi bù máṣọ. Ohun tí dókítà tẹnu mọ́ fún mi jù lọ nìyẹn, pé oògùn abẹ́ ahọ́n yẹn àti èyí, wọn ò gbọ́dọ̀ pàdé nínú ara kan náà, ẹ̀jẹ̀ ríru á já lulẹ̀ lójijì, èèyàn lè má jí. Mo gba ọ̀rá yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, mo tì í bọ àpò. Ó ń bínú, ó ní òun ti sanwó ẹ̀. Mo ní mo máa dá owó yín padà, ẹ̀gbọ́n, Ọjọ́bọ̀ la jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.